Ọpẹ́ Tí Ẹ̀rọ Gbọ́

Láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe akọ̀wé ní iléèwé kan ní Ìlobù, níbi tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tó yá, mo di akọ̀wé fún àwọn kan tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Òṣogbo. Iṣẹ́ mi ni láti máa lọ bá àwọn ìyá oní-gàrí ní Ìlobù, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti ní Ìfọ́n, kí n jókòó tì wọ́n, kí n béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí, kí n sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Àǹtí Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Mo ní ìwé ńlá kan tí mo fi ọ̀rá bò nítorí òjò. Ohun tí mo bá kọ sínú rẹ̀ ni ọ́fíìsì máa mọ̀. Èyí tí mi ò bá kọ, ó parí síbi tí wọ́n ti sọ ọ́ nìyẹn.

Èmi kì í ṣe onígboyà. Ní ọdún kan tí ìjà ilẹ̀ àárín ìlú wa àti Ìfọ́n tún bẹ́ sílẹ̀, Ìfọ́n ni mo wà. Àárọ̀ ni. Mo gbọ́ ariwo, mo rí èéfín, mo rí àwọn tó ń sáré, mi ò sì mọ ibi tí mo lè sá sí tí wọn ò ní bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ìyá oní-gàrí kan tí mo wá bá ló dì mí lápá mú. Ó tì mí wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀, níbi tó ń kó àpò sí, ó sì da àpò òfìfo bò mí. Èéfín àti ìyẹ̀fun gàrí wọ̀ mí lọ́fun. Bí mo ṣe fẹ́ húkọ́ báyìí, ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ náà ń rùn fún omi ẹ̀gẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin mú mi gba ọ̀nà oko jáde, títí mo fi rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Òṣogbo.

Ohun tí èèyàn lè sọ nípa ọjọ́ yẹn pọ̀, mi ò sì ní sọ ọ́. Ilé jóná ní ìlú méjèèjì. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ mi ni pé ilé àbúrò ọkọ ìyá náà wà lára èyí tó jóná. Ọkùnrin náà wá dúró níwájú àtíbàbà, ó ń sunkún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tù ú nínú, nígbà tí ọmọ Ìlobù kan wà lábẹ́ àpò lẹ́yìn ògiri. Opó ni ìyá náà. Orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ni àtíbàbà rẹ̀ wà. Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ ohun tó ṣe: òun, ọmọ rẹ̀, àti èmi.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ó ní ọmọ ọwọ́ lòun nígbà tí wọ́n gbé òun wá láti Gánà, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn, pé aládùúgbò kan ló fi òun àti ìyá òun pamọ́ sẹ́yìn ìdáná títí ọkọ̀ fi dé. "Ìyá mi kò mọ orúkọ obìnrin yẹn dáadáa títí ó fi kú," ó ní.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ìgbà tí mo rí i tí mi ò kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore lánàá, bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá tún lọ kí i. Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì máa ń sọ ọ́ létí wa pé ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ló rí. Ṣé ẹni tó gba ẹ̀mí èèyàn là ni wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́? Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ la ti máa ń ṣe é, kí àwọn ìyá yòókù tó dé ìpàdé.

Ní ọdún tó kọjá, ọ́fíìsì ní kí n fi ìwé ńlá mi sílẹ̀. Wọ́n gbé AI kan sórí fóònù mi tó ń ṣe akọ̀wé ìpàdé. Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa gbọ́. Nígbà tí ìpàdé bá fi tú, ó ti kọ ohun tí kálukú sọ, á sì tún gé e kúrú sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà míì, kì í gbọ́ Yorùbá wa yé, pàápàá tí àwọn ìyá bá ń sọ̀rọ̀ papọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọ̀gá tún ní ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní àká. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ oníbàárà jọ sí, tí ẹ̀rọ á máa ṣà wọ́n: èyí ẹ̀sùn ni, èyí ìyìn ni, èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tún sọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àká náà máa ń fi lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sí gbogbo wa, àti sí àwọn aṣojú wa tó ń tajà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n so akọ̀wé orí fóònù mi mọ́ àká, kí ọ̀rọ̀ máa ti ìpàdé lọ síbẹ̀ tààrà.

Obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ló jókòó tì mí. Ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ó ní kí n ṣí ibi báyìí, kí n lẹ kóòdù gbọọrọ kan báyìí mọ́ ojú ibẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

"Ibi méjì ló kù," ó ní. "Ó ń béèrè pé ṣé gbogbo ìpàdé ni kó máa fi ránṣẹ́ àbí èyí tí o bá yàn. Ó tún ń béèrè pé ṣé lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kó dúró kí o kọ́kọ́ kà á."

"Kí ni ìwọ rò?"

"Kó dúró ni o. Ta ló mọ ohun tí yóò jáde lẹ́nu èèyàn? Èmi yìí, tí wọ́n bá kọ ohun tí mo ń sọ nípa ọ̀gá wa sílẹ̀, ibi tí mo ti ń ta bọ́ọ̀lì ni wàá ti wá bá mi lọ́la."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà níbòmíràn. Lọ́dún tó ṣáájú, páànù tuntun tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ dé Ìlobù kó tó dé Ìfọ́n. Inú bí àwọn ìyá Ìfọ́n. Mo kọ ìbínú wọn sílẹ̀, àmọ́ mo kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Aṣojú wa ní Ìfọ́n dìde láàárín ìpàdé, ó ní, "Àǹtí, ọmọ Ìlobù kúkú ni yín. Kálámù yín mọ ọ̀nà ilé." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti wà lábẹ́ àpò rí kì í fẹ́ kí wọ́n pariwo ìlú òun láwùjọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí n lè sọ pé ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

"Gbogbo ìpàdé," mo ní. "Lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo yọ nǹkan kan kúrò."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìka tèmi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé nígbà tó yá, mo sa gbogbo ipá mi láti gbà pé ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ sí Ìfọ́n. Mo ti gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì rí láti tẹ akọ̀wé náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀sí ni kí àgbà máa kí ọ kí o máa tẹ fóònù. Nítorí náà, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo ti tẹ̀ ẹ́, tí mo sọ ọ́ sínú báàgì. Tí gbogbo wọn bá pé, màá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń gbọ́ wa, bí mo ṣe máa ń sọ. Lójú tèmi, ìkíni kò sí lára ìpàdé.

Ìyá náà nìkan ni mo bá, ó ń kù gàrí. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú làálàá. Ẹ sì ṣeun ọjọ́ yẹn o."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọpẹ́ yìí ò ní gbó ni?"

"Kò ní gbó, Màmá. Bí kì í bá ṣe yàrá àpò yín, mi ò sí láyé."

"Dìde, kí gàrí má baà kún orúnkún rẹ. O ò tiẹ̀ dúpẹ́ etí mi. O sùn lábẹ́ àpò, o ń hanrun bí ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti tú."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ o! Àbúrò ọkọ mi dúró níhìn-ín, ó ń sunkún ilé rẹ̀, ìwọ ń hanrun lẹ́yìn ògiri. Ó ní kí ló ń dún. Mo ní ewúrẹ́ ni."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ti ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá yòókù dé, tí mo gbé fóònù sórí àga, tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń gbọ́.

Mi ò ka lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aṣojú wa ní Ìfọ́n pè mí. Agboolé ọkọ ìyá náà lòun náà ti wá.

"Àǹtí Akọ̀wé, ẹ ti ka lẹ́tà àná?"

"Mi ò tíì kà á. Ṣé kò sí?"

"Ẹ kà á, mà. A ò tètè mọ̀ pé ẹ ní yàrá tiyín nílé wa."

Ó gé ìpè náà.

Òkè pátápátá ló wà, ṣáájú ọ̀rọ̀ páànù, ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ pé oníbàárà kan tó ti pẹ́ ní Ìfọ́n fi òṣìṣẹ́ wa pamọ́ sínú yàrá àpò rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà, pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ń sunkún ilé rẹ̀ níwájú, ó sì sọ fún un pé ewúrẹ́ ló ń dún. Ó fi àmì aláwọ̀ ewé sí i. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé inú oníbàárà dùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó jọ lọ́sẹ̀ náà, kò sí èyí tí ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti ìyá náà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi gbé e síwájú.

Mo wọ inú àká, mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo tún pa ohùn tí fóònù gbà sílẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá náà pè mí. Kò kí mi.

"Ta lo sọ fún?"

Títí mo fi ń kọ èyí, mo ṣì ń gbọ́ bí mo ṣe dá a lóhùn, kíá, bí ẹni tó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀: "Màmá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"O dájú?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà."

Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́, ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá gbà, wọ́n á ní kí n wá sí Ìfọ́n wá rojọ́ níwájú ẹbí, kí n tún dúró níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n máa bi mí pé ọmọ ibo ni mí.

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Mo ti mọ ẹni tó sọ ọ́." Èmi náà mọ ẹni tó ń rò. Èèyàn mẹ́ta la jẹ́. Tí òun kò bá sọ, tí èmi kò bá sọ, ó ku ẹnì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ pè mí láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tó wà nílé ọkọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ Màmá. Kò gbé ìpè mi mọ́. Ẹbí bàbá mi ti fi àgádágodo ti àtíbàbà rẹ̀, ó sì ní èmi ni mo tú àṣírí yín. Mo ti bi ara mi títí, Àǹtí. Bóyá mo sọ ọ́ lójú oorun."

Mo ní, "Màá bá a sọ̀rọ̀." Mi ò sì bá a sọ̀rọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo ń dúró kí inú tutù. Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọrin. Gbólóhùn ọmọ yẹn nípa ojú oorun ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ọmọdébìnrin tó mú mi gba ọ̀nà oko jáde, tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbá koríko kúrò lójú mi, ló wá ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ló hùwà ọ̀dàlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú kan, mo wọ ọkọ̀. Mi ò gbé fóònù tí akọ̀wé wà lórí rẹ̀ dání, kékeré ni mo gbé. Àgádágodo náà tuntun, ó ń dán. Ìyá náà wà ní àtíbàbà ẹlòmíràn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún obìnrin tí kò tó àbúrò rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo. "Màmá, èmi ni."

"Mo rí i pé ìwọ ni."

"Èmi ni mo tú u, mà. Kì í ṣe ọmọ yín." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti fóònù inú báàgì, ti lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọ̀kan tuntun.

"Fóònù ló gbọ́ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé fóònù náà ló búra fún mi lọ́jọ́ Ajé?"

Mo ń fi ọwọ́ kó èèpo ẹ̀gẹ́ jọ.

"Mo bi ọ́ o, ọmọ yìí. Tí o bá ti sọ fún mi, màá mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn. Mo jókòó síwájú ẹbí, mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ló ń sọ ìsọkúsọ. Ọmọ mi! Mo fi í ṣe òpùrọ́ lójú àwọn tó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Ìwọ ni mo gbà gbọ́ ju ọmọ mi lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá àbúrò ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ yẹn, pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Ó wò mí. "O ń wẹ̀yìn láti ìgbà tí o ti dé. Má lọ síbì kankan. Mo ti padà sọ ọ́ fún un fúnra mi pé mo ṣe é. Ewúrẹ́ ló ń dùn ún jù. Ó ní òun ń sunkún, mo ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà."

Nígbà tó ní kí n má lọ, ara tù mí. Mo ti tijú nítorí ìka mi, mo ti tijú nítorí ìbúra mi, ṣùgbọ́n ìtura yẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn," ó ní, "ṣé ó lè pe èèyàn, àbí òfófó nìkan ló mọ̀?"

Mo pe ọmọ rẹ̀, mo gbé fóònù sí i létí nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. "Èmi ni," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Dákẹ́, má sunkún mọ́. Wá mú mi." Kò dárúkọ mi sí i. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Mo fẹ́ dìde. Bó ṣe máa ń rí ni ẹnu mi ṣe là, láìrò ó: "Màmá, ẹ ṣeun…"

Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Òórùn omi ẹ̀gẹ́ kan náà ni.

"Ó tó," ó ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n bá mi wí, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó jáde síta. Obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kò sọ pé òun ti sọ ọ́ fún mi. Ó kàn yí i padà níṣojú mi, kó máa dúró kí n kọ́kọ́ kà á. Báyìí, tí mo bá dé ibì kan, a ó kí ara wa tán, ojú gbogbo èèyàn á wà níbẹ̀, kí n tó mú fóònù jáde kí n tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni ìyá náà wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń yan gàrí níbẹ̀. Àgádágodo ṣì wà ní Ìfọ́n. Nígbà tí mo lọ ṣe ìpàdé lọ́dọ̀ wọn lóṣù tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Ó dúró díẹ̀, asẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìyókù. Mo pa ẹnu mọ́. Ó wo báàgì mi.

"Ṣé ó ti ń gbọ́?"

"Rárá, mà."

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Bẹ́líìtì tí ẹ gbé wá yẹn kò dáa."

Mo mú fóònù jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.